Atúupalẹ̀ àti Ẹ̀rọ Tí Kò Ṣàìsàn

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ fún yín: aṣọ ni mò ń rán jẹun, mi ò sì mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ju pé wọ́n máa ń dún pì-pì-pì lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ojú mi ló ṣe dàgbà, abẹ́ tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ ló ti kọ́ ìrìn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bó ṣe di ohun tó dà lónìí, èmi ni kó bi. Ìyá rẹ̀ náà lè sọ ọ́, àmọ́ ẹkún àti àdúrà ni yóò fi lú u pọ̀, ẹ ò sì ní rí ọ̀rọ̀ mú níbẹ̀.

Atúupalẹ̀ là ń pè é nínú ilé, nítorí kò sí ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kò ní tú palẹ̀. Aago ara ògiri, rédíò, tọ́ọ̀ṣì, gbogbo rẹ̀ ló ti rí ìjà rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo lọ ra òwú, mo dé, mo bá ẹ̀rọ ìránṣọ mi nílẹ̀ ní wẹ́wẹ́, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ pàtẹ rẹ̀ tà. Mo figbe ta. Ọmọ náà gbójú sókè, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú, mo kàn fẹ́ mọ ohun tó ń ti abẹ́rẹ́ sísàlẹ̀ ni." Nígbà tó tò ó padà tán, súkúrú kan ṣẹ́ kù nílẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ń ránṣọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú ń bí mi títí di bí mo ṣe ń wí yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá rẹ̀, ti fi ọmọ yìí ṣe dókítà láti inú oyún. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí ọmọ gba ìwé pé yunifásítì ti mú un, ilé wa dà bí ilé ẹjọ́. Gbogbo wa jókòó sí pálọ̀. Ọmọ ní iṣẹ́ ẹnjiníà ẹ̀rọ ìṣègùn ni òun fẹ́ lọ kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó wò mí, ó tún wò ó.

"Ṣé dókítà ni àbí mẹkáníìkì?"

"Màmá, dókítà ń tọ́jú aláìsàn. Èmi á máa tọ́jú ohun tí dókítà fi ń tọ́jú aláìsàn."

"Mẹkáníìkì náà nìyẹn!"

Mo ní kí n bá wọn dá sí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká sọ pé dókítà àwọn ẹ̀rọ ni."

"Ìwọ télọ̀, ta ló pè ọ́ sí i?"

Mo panu mọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbà nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n fún gbogbo ìgbà tí ọmọ fi wà nílé ìwé, ohun tó ń sọ fún àwọn aládùúgbò ni pé ọmọ òun ń kọ́ nípa ìṣègùn. Kò parọ́, kò sì sòótọ́.

Ilé ìwé yẹn gùn, ó sì le. Níbẹ̀rẹ̀, ìṣirò ló ń jẹ, ìṣirò ló ń mu, òun àti àwọn tó fẹ́ máa kọ́ afárá àti àwọn tó fẹ́ máa ṣe iná mànàmáná ni wọ́n jọ ń jókòó sí kíláàsì kan náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kó wọn lọ bá àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, wọ́n ní kí wọ́n lọ kọ́ bí ọkàn ṣe ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀, bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń fa afẹ́fẹ́, bí ara ṣe ń mú ooru jáde. Ó máa ń sọ fún mi tó bá wálé pé àwọn ẹnjiníà ń pe àwọn ní dókítà, àwọn dókítà ń pe àwọn ní ẹnjiníà, kò sẹ́ni tó fẹ́ pe àwọn ní tirẹ̀. Mo ní kó má dá wọn lóhùn, pé àdán ò ṣe eku ò ṣe ẹyẹ, síbẹ̀ ó ń fò, ó sì ń jẹun. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n lọ fi oṣù bíi mélòó kan ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn kí wọ́n tó lè parí, èmi ni mo rán kóòtù funfun tó wọ̀ lọ. Mo fi àpò mẹ́rin sí i nítorí mo mọ irú ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́.

Ó jáde, ó dé fìlà, ó wọ ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní ó ti bùṣe. Àṣé kò bùṣe gàdà, kò bùṣe gèdè. Ọmọ tún jókòó tì wá, ó ń ṣàlàyé. Òfin ni pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lè máa tún ẹ̀rọ ṣe lábẹ́ ẹni tó ní ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ náà tó lè padà sára aláìsàn, ẹni tó ní ìwé àṣẹ ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì fọwọ́ sí i. Kí òun náà tó rí ìwé àṣẹ yẹn gbà, òun á ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀ lábẹ́ ọ̀gá, òun á kó àkọsílẹ̀ iṣẹ́ òun lọ síwájú ìgbìmọ̀, òun á jókòó ṣe ìdánwò, wọ́n á sì wá gbé ẹ̀rọ kan ka iwájú òun kí wọ́n wo ohun tí òun máa ṣe.

"Nígbà tí èmi kọ́ṣẹ́ tán," ni mo sọ, "ọ̀gá mi kàn ní 'máa lọ' ni, mo sì lọ."

"Bọ̀dá, aṣọ tẹ́ ẹ bá rán tó tú, ẹni tó wọ̀ ọ́ á lọ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ tó ń fún un ní afẹ́fẹ́ bá dákẹ́ ńkọ́?"



Ilé ìwòsàn tó gbà á síṣẹ́ ní yàrá àtúnṣe kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ. Mo ti débẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀ lójú fèrèsé, àwọn ẹ̀rọ á tò sórí rẹ̀ bí aláìsàn tó ń dúró de dókítà, wọ́n á so bébà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́rùn. Òórùn ọṣẹ aṣọ àti ti sípíríìtì ló máa ń pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá ibẹ̀ jẹ́ bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́, nítorí tó bá ń tú ẹ̀rọ, á máa bá a sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹnu: "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, ó ti fẹ́ tán." Òun nìkan ló ní ìwé àṣẹ nínú yàrá náà. Bó ṣe jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ tó nì, ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ń bọ̀ níparí ọdún, àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn sì ti sọ ọ́ kedere: tí kò bá sí ẹni tó ní ìwé àṣẹ níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń lọ, wọ́n á ti yàrá náà pa, wọ́n á máa kó ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kan nílùú mìíràn. Ẹ̀rọ tó bá lọ síbẹ̀, ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń dá a padà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ìdánwò yẹn kì í ṣe ti òun nìkan. Ẹ̀yin náà ti rí i.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà kan tó wà nínú yàrá yẹn, torí òun ló fẹ́ ba gbogbo nǹkan jẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù a máa gbé ẹ̀rọ wá pé kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ á yẹ̀ ẹ́ wò síwá, á yẹ̀ ẹ́ wò sẹ́yìn, á rí i pé kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá láyà kó sọ bẹ́ẹ̀ fún Sísítà wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé! Obìnrin yẹn ga, ohùn rẹ̀ ló sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.

"Kí lẹ ṣe sí i?"

"Kò sí ohun tó ṣe é, Sísítà."

"Ẹ ò tiẹ̀ wò ó! Ẹ kàn gbé e kalẹ̀ níbí, ẹ ń mu tíì!" Á tún gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀, á ní òun ò kúrò níbẹ̀.

Nígbà tó sú Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́, ó dá ọgbọ́n. Ẹ̀rọ kì í fi yàrá àtúnṣe sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Bí kò bá sí ohun tó ṣe é, wọ́n á yọ fíúsì rẹ̀, wọ́n á fi tuntun sí i, wọ́n á fi sípíríìtì nù ún kó máa dán. "A ti pààrọ̀ fíúsì, Sísítà." Sísítà á rẹ́rìn-ín, á gbé e lọ, ẹ̀rọ á sì máa ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Èmi ò lè dá wọn lẹ́bi. Oníbàárà máa ń dá aṣọ padà fún mi pé ó fún òun, màá gbé e sẹ́yìn kọ́tìnì, màá fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, á wọ̀ ọ́, á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ó ti wá dáa báyìí!" Bí ayé ṣe rí nìyẹn.

Atúupalẹ̀ jókòó ṣe ìdánwò orí ìwé, ó yege. Wọ́n wá pè é síwájú ìgbìmọ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan sórí tábìlì, èyí tó ń ka omi sínú iṣan aláìsàn ní ẹ̀kán ẹ̀kán. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì kan ló gbé e wá pé kò dára. Ó tú u, ó dán an wò, ohun gbogbo pé. Ó tún un dán wò, ó pé. Àkókò ń lọ, àwọn ìgbìmọ̀ ń wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́: ó yọ fíúsì, ó fi tuntun sí i, ó fi aṣọ nu ojú ẹ̀rọ.

"Fíúsì ni," ló sọ. "Mo ti pààrọ̀ rẹ̀."

Àgbà obìnrin kan tó fi okùn so awò mọ́ ọrùn ló jẹ́ olórí wọn. Ó mú fíúsì tó yọ náà, ó fi ohun ìdánwò kàn án, ó dún pìì.

"Fíúsì yìí le ju èmi lọ," ni ìyá náà wí. "Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ yìí látàárọ̀. Ìwọ lo parọ́ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá wá ṣe é lóòótọ́, tó o sì ní o ti tún un ṣe, báwo la ṣe máa gbà ọ́ gbọ́?"

Wọ́n ní kó padà wá nígbà mìíràn. Ìgbà mìíràn yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù kí Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ tó fẹ̀yìn tì.

Ṣọ́ọ̀bù mi ló kọ́kọ́ yà sí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. Mo ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òwe sílẹ̀."

Mo fi sílẹ̀. Ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Wọn ò sọ pé mi ò mọṣẹ́. Ìyẹn ì bá dáa. Òpùrọ́ ni wọ́n pè mí." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Mo fẹ́ lọ bá ìyá onígò-ojú yẹn nílé rẹ̀, kí n sọ fún un irú ilé tí ọmọ yìí ti jáde wá. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń bínú lọ, mo mọ̀ nínú mi pé ọ̀rọ̀ ìyá náà kò ní àléébù kankan, ìyẹn ló tiẹ̀ wá dá kún ìbínú mi.

Nígbà tó ròyìn fún Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́, ó ní bàbá náà gbé ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó wá ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ. Ọwọ́ tèmi lo fi ṣe é." Ó kó gbogbo fíúsì tó wà lórí tábìlì, ó tì wọ́n mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹ̀rọ tí kò bá ní àìsàn, kó máa lọ bẹ́ẹ̀.

Ogun bẹ́ sílẹ̀. Sísítà gbé àpótí onígíláàsì wá, èyí tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé sí kó lè móoru. Ó ní kò gbóná tó. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbóná bó ṣe yẹ, wọ́n dá a padà. Ó tún gbé e wá. Wọ́n tún dá a padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní tí ọmọ kan bá tutù mọ́ òun lọ́wọ́, gbogbo ilé ìwòsàn ló máa gbọ́. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ wo kọ́bọ́ọ̀dù fíúsì, ó mí kanlẹ̀. Atúupalẹ̀ bá dìde, ó tẹ̀ lé Sísítà lọ sí wọ́ọ̀dù.

"Kí lo wá ṣe níbí?"

"Mo wá wo ẹ̀rọ yìí níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, Mà."

Ó dúró tì í. Ó ń wò, kò fọwọ́ kan nǹkan kan, títí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń fi ojú bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó wá gbọ́wọ́ sókè lẹ́bàá ògiri. Ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lókè ń fẹ́ atẹ́gùn tútù tààrà sára gíláàsì náà. Nínú yàrá àtúnṣe, kò sí amúlétutù. Ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n jọ ti àpótí náà sí apá kejì yàrá, kò sì pẹ́ tó fi gbóná dé ibi tí wọ́n fẹ́.

Sísítà fọwọ́ kan gíláàsì náà. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ṣé èmi ni mo wá ṣìṣe?"

"Rárá o, Mà. Òótọ́ lẹ sọ, kò gbóná. Atẹ́gùn ni kò jẹ́."

Láti ọjọ́ náà, tí Sísítà bá ń gbé ẹ̀rọ bọ̀, á kọ́kọ́ sọ ibi tó gbé e sí àti ohun tó rí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Àmọ́ ó ń pariwo o. Ẹ má rò pé ènìyàn ń dédé di áńgẹ́lì.

Ọjọ́ ìdánwò kejì pé. Mo ní mò ń bá a lọ. Ó ní rárá. Mo ní ọjọ́ wo ni òun bí mi? A jọ lọ. Wọ́n ní kí n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo jókòó ti àwọn ọmọ tó ń dúró de ìdánwò tiwọn, mo sì ń fi òwú tó wà lápò mi ta kókó, mo ń tú u, mo ń ta á. Ó wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ sí yàrá kejì jáde, wọ́n ń fò fẹ̀rẹ̀, òun kò tíì jáde. Nígbà tó wá jáde, mi ò lè ka ojú rẹ̀.

"Báwo ni?"

"Bọ̀dá, mi ò ṣe nǹkan kan."

Inú mi bà jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó jókòó, ó rò ó fún mi. Ẹ̀rọ tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n gbé fún un lọ́tẹ̀ yìí, èyí tí wọ́n ń fi há aláìsàn níka. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì sọ pé ó ń ṣe ségesège. Ó dán an wò ní gbogbo ọ̀nà tó mọ̀, kò rí ségesège kankan. Fíúsì tuntun wà nínú àpótí irinṣẹ́ tí wọ́n fún un, ó ní ó ń wo òun, òun náà ń wò ó. Ìyá onígò-ojú ní, "Àkókò ti fẹ́ tó. Kí lo ṣe sí i?"

"Kò sí, Mà. Mo dán an wò ni. Mi ò rí ohun tó ṣe é."

"Ṣé wàá fọwọ́ sí i kó padà sọ́dọ̀ aláìsàn?"

"Rárá, Mà."

Ọkùnrin kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "O ní kò sí ohun tó ṣe é, o ò sì fẹ́ fọwọ́ sí i. Kí ni ká wá fi ṣe, ká sin ín?"

"Sà, nọ́ọ̀sì tó gbé e wá kì í ṣe wèrè. Ó rí nǹkan. Mo fẹ́ rí ohun tó rí, kí n mọ̀ bóyá ìka aláìsàn ló tutù, tàbí oòrùn ojú fèrèsé ló ń tàn sí i, tàbí ẹ̀rọ yìí ló ní ohun tí mi ò tíì mọ̀. Títí ìgbà náà, mi ò lè sọ pé mo mọ̀."

Wọ́n kọ̀wé díẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ.

Mo gbọ́ tán, orí mi gbóná. "Ìwọ ọmọ yìí! Gbogbo àkókò yẹn! Ṣé o ò rí súkúrú kan kó o bá wọn fún un le ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi gbé orí lé mi léjìká, àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń wò wá. Mi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi. Ohun tí mo rí ni kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n máa fi ti yàrá àtúnṣe yẹn.

Ṣọ́ọ̀bù mi ló wà nígbà tí ìròyìn dé sórí fóònù rẹ̀. Mò ń fi abẹ́rẹ́ há aṣọ tí mi ò tíì rán tán mọ́ ìyá kan lára. Ó wo fóònù, ó tún un wò, ó ní, "Bọ̀dá, wọ́n gbà mí." Ariwo tí mo pa, ẹ̀gbọ́n mi sá jáde láti inú ilé pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, ó rò pé ẹnìkan ti kú.

"Ó ti gba ìwé àṣẹ!" ni mo sọ.

"Ṣé ó ti wá di dókítà báyìí?"

"Ó ti di ẹni tí dókítà gbọ́dọ̀ dúró dè."

Ẹ̀gbọ́n mi rò ó wò, ó sì dùn mọ́ ọn. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Oníbàárà mi náà ń jó, ó ń jó, ó ń ké "yéè" nítorí abẹ́rẹ́ ń gún un, kò sì dákẹ́ ijó. Mo sunkún. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Ọjọ́ tí Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí n wá. Yàrá àtúnṣe kún dẹ́nu. Àwọn nọ́ọ̀sì wá, Sísítà wá, àwọn tó ń fọṣọ náà yọjú. Wọ́n ti gé búrẹ́dì, wọ́n ti bu tíì sí kọ́ọ̀bù. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ wọ kóòtù tó dára jù nínú aṣọ rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rọ kan sáàárín tábìlì, èyí tó ń fa omi kúrò lọ́nà ọ̀fun ẹni tí kò lè mí dáadáa. Ó ní òun fúnra òun ló tún un ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun sì ti dá a sí kó jẹ́ pé òun ni iṣẹ́ ìkẹyìn tòun, kó sì jẹ́ òun ni ìbuwọ́lù àkọ́kọ́ ọmọ iṣẹ́ òun. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ó na bírò sí i.

Atúupalẹ̀ kò gba bírò. Ó tan ẹ̀rọ náà, ó fi àtàǹpàkò dí ẹnu ọ̀pá rẹ̀. Ọwọ́ ojú ẹ̀rọ, tó rí bí ọwọ́ aago, gbéra, ó lọ, ó lọ, ó kan àmì tó yẹ kó dé. A tún pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò mú àtàǹpàkò kúrò. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn, àwa náà dúró, tíì ń tutù. Ọwọ́ ojú ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ padà sísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

"Ọ̀gá," ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, "ó débẹ̀, kò dúró."

Lọ́kàn mi mo ní, ọmọ yìí, fọwọ́ sí i ná, tó bá di ọ̀la kó o tún un ṣe, ta ló máa mọ̀? Mo fẹ́ fi ìka gún un nídìí ìgbáròkó. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ fa awò sójú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Tún un dán wò."

Ó tún un dán wò. Ó tún yọ́ padà.

"Ṣé wàá fọwọ́ sí i?"

"Rárá, Sà."

Bàbá náà nà ró. Mo rò pé ìbínú ni. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó nà án sí mi, ó ní, "Télọ̀, ẹ bá mi mú un." Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì, ó jókòó, ó mú sukudiráfà, ó ń tú ẹ̀rọ náà lójú gbogbo wa. Omijé ń bọ́ sórí ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa jẹ búrẹ́dì yín," ló wí. "Ọdún yìí látòkèdélẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀rù pé ẹni tó máa ṣojúsàájú fún mi ni mo máa fi yàrá yìí lé lọ́wọ́. Kò ṣojúsàájú fún mi. Ẹ̀yin náà rí i, kò ṣojúsàájú fún mi!"

Rọ́bà kan nínú rẹ̀ ló sán, ibi tó ti sán tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ojú àgbà ni kò tètè rí i. Atúupalẹ̀ tan iná sí i, Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ó ń sọ fún un pé pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́. Wọ́n dè é padà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi àtàǹpàkò dí ẹnu ọ̀pá. Ọwọ́ ojú ẹ̀rọ gòkè, ó kan àmì, ó sì dúró síbẹ̀. Gbogbo wa ń wò ó, Sísítà pàápàá kò mí. Ó jẹ́ kó pẹ́ títí ó fi dá a lójú, ó nu ọwọ́, ó gba bírò, ó kọ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ wo orúkọ náà fún ìgbà díẹ̀. Ó gba kóòtù rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó wọ̀ ọ́, ó kí gbogbo wa pé ó dàbọ̀, ó sì lọ sílé.